Ẹ Bi Àǹtí: Gàrí ni mo ń wá, Ethiopia ni mo ti bá ara mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, mẹ́rin ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìmọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ọkàn tí ò lè jókòó sójú kan, tó bá rí gàrí á ronú dé òkun, tó bá rí òkúta á béèrè ìyá tó bí i. Gbogbo wọn ló sì jẹ́ pé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí ni wọ́n ti kọ ọ́ wá, àbí omi wa ló ń ṣe é ni? Mo bá kó wọn pa pọ̀. Ti àkọ́kọ́ gùn, ẹ wá ibi jókòó sí.

*

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, èmi àti màmá mi la jọ ń ta gàrí ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́sítọ́mà kan láti Ìbàdàn bi mí pé kí ló dé tí gàrí Ìjẹ̀bú fi máa ń kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo gbé fóònù pé kí n kàn wo ìdí tó fi ń kan, ibẹ̀ ni mo ti kà á pé àwọn kòkòrò tín-ín-tín kan ló ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti kà á pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, mo ní há, ta ló wá kọ́kọ́ láyà láti jẹ ẹ́, wọ́n ní ọ̀hún Brazil ni, àwọn Potogí ló gbé e wá, mo bá tẹ Potogí, mo rí i pé Potogí kan ti kọ̀wé nípa Ìjẹ̀bú wa àti yàrà ńlá tó yí i ká láyé ọjọ́un, Erédò sì ni yàrà yẹn, Erédò gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bílíkísù Súngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí, wọ́n ní òun ni Ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì, Ṣébà gbé mi dé Ethiopia, Ethiopia ni kọfí ti wá, nǹkan tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn náà ló sì wà nínú obì. Mo gbójú sókè, aago méjì òru ti kọjá, màmá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí, ó ń jẹ obì.

Àǹtí, kì í ṣe gàrí nìkan. Mo kọ́ télọ̀, mo fi sílẹ̀. Mo kọ́ àdìrẹ fún oṣù mẹ́jọ, mo fi sílẹ̀. Mo kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo tiẹ̀ ra ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń sin oyin, ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá tí mo fẹ́ fẹ́ ní ọkàn mi ò gbé ibì kan, òun ń bẹ̀rù bóyá òun náà ni mo máa fi sílẹ̀ lọ́la. Màmá mi ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ṣé àìsàn ni àbí kí ni?
Ọwọ́-ò-Dúró, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọwọ́-ò-Dúró, ọmọ mi, o ní kí n má rẹ́rìn-ín, mo ti rẹ́rìn-ín. Ibi tó o parí ìrìn ẹ sí ló pa mí, o rìn yí ayé po lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, o padà wá bá obì lẹ́nu ìyá ẹ.

Kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ nǹkan méjì lo rọ sínú àpò kan, jẹ́ ká yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ń rìn kiri lọ́tọ̀, ọwọ́ tó ń ju nǹkan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ ni màmá ẹ àti bọ̀dá yẹn rí, ojú ni wọ́n wá ń bá wí. Òwe eku méjì yẹn, mo gbà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ihò kan náà ni eku méjèèjì ń gbà wọlé ńkọ́? Ẹni tó jókòó sẹ́nu ihò ò lé eku kankan.

Ọkùnrin kan wà ní Switzerland, George de Mestral lorúkọ ẹ̀, injiníà ni. Lọ́dún 1941 òun àti ajá ẹ̀ rìn wọ inú igbó, nígbà tí wọ́n máa fi jáde, eèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ajá lára, ó lẹ̀ mọ́ òun náà láṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ oko lẹ́yìn òjò rí, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Èmi àtìwọ, a ó jókòó sórí òkúta ká máa ṣa á dànù ká máa ṣépè fún un. Òun gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó rí i pé ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló kún orí ẹ̀, ìkọ́ yẹn ló ń há sínú òwú aṣọ àti irun ajá. Ibẹ̀ ni Velcro ti jáde, nǹkan tó ń dún ràáà tí wọ́n ń fi sí bàtà ọmọdé dípò okùn. Koríko, ajá, aṣọ, bàtà. Ṣùgbọ́n ọdún 1955 ló tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀. Bá mi ṣírò ẹ̀. Ojú rí i lọ́jọ́ kan péré, ọwọ́ fi ọdún 14 tẹ̀ lé e. Ojú tìẹ ò kéré sí ojú ọkùnrin yẹn rárá. Ọwọ́ ló kù.

Ká tó dé orí ọwọ́, jẹ́ ká tún ìrìn òru ẹ yẹn rìn, torí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó o rí. Tó o bá dé ìdí kànga tí kì í ṣe tiyín, o máa fa okùn wò kó o tó ju péèlì sínú ẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan méjì tí ọkàn èèyàn bá so pọ̀, fà á wò.

Ti gàrí kíkan, okùn yẹn yi. Inú ẹ̀gẹ́ tútù, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí wọn ò jọ gbé yàrá kan náà, ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní linamarin, èkejì ni nǹkan tó lè tú u palẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ń fọ́ ògiri àárín wọn, ni wọ́n bá pàdé, ni májèlé cyanide bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, díẹ̀ á fò lọ sínú atẹ́gùn, díẹ̀ á bá omi jáde nígbà tẹ́ ẹ bá gbé jáàkì lé àpò, iná agbada á lé ìyókù. Àwọn kòkòrò tó ń mú un kan náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn nínú àpò, ìbátan àwọn tó ń mú ògì kan ni wọ́n, ìbátan àwọn tó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì. Àwa Ìjẹ̀bú kàn máa ń fún wọn láyè pẹ́ ju àwọn ará ibòmíì lọ ni, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Ìdáhùn ará Ìbàdàn yẹn nìyẹn, gbólóhùn kan: ó kan torí a mú sùúrù.

Ti Potogí, okùn méjì lo so pọ̀ tó o pè é ní ọ̀kan. Òótọ́ ni pé Duarte Pacheco Pereira kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508 ló kọ ọ́. Òótọ́ náà ni pé àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ kúrò ní Brazil wá sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àmọ́ Pereira yẹn ò mu gàrí Ìjẹ̀bú o! Iṣu ni àwọn baba wa ń jẹ nígbà yẹn. Gàrí tó wá gbilẹ̀ láàárín wa, sẹ́ńtúrì 19 ni, nígbà tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà bọ̀ wálé. Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ tó wà láàárín méjèèjì. Tó o bá fi ẹnu kan sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà, á dùn létí, àmọ́ irọ́ á ti wọ̀ ọ́.

Ti Ṣébà ló já pátápátá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi lórí ẹ̀. Mo ti lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Mo ti wọ inú Erédò náà rí, ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ kó yáa lọ, torí fọ́tò ò lè gbé e. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ pé ariwo mọ́tò ti dákẹ́. Ara á wá tutù. Ògiri amọ̀ pupa dúró lọ́tùn-ún lósì yín, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ láwọn ibì kan, ewéko wẹ́wẹ́ bò ó bíi kápẹ́ẹ̀tì, gbòǹgbò igi rọ̀ sílẹ̀ látòkè, mo fi ọwọ́ kàn án, omi ń sun lára ẹ̀. Patrick Darling, òyìnbó awalẹ̀pìtàn tó rìn ín nínú àwọn ọdún 1990, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ẹ̀, ó tó 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó sì ga tó 20 mítà níbi tó ga jù. Wọ́n fojú bù ú pé láàárín ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn tí wọ́n bí Olúwa wa ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Sólómọ́nì tí Ṣébà lọ kí ńkọ́? Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó bí Jésù. Nǹkan bí 1,800 ọdún ló já sáàárín wọn, ìyá àgbà wo ló gbé ayé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, mo fẹ́ràn Súngbọ́ wa ju Ṣébà lọ, kò nílò kí Sólómọ́nì jẹ́rìí fún un.

Kọfí àti obì, ìyẹn yi dan-in-dan-in. Kaféènì kan náà ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí Pemberton, apòògùn kan ní Atlanta l'Amẹ́ríkà, fi obì sínú omi dídùn tó ṣe lọ́dún 1886, orúkọ obì yẹn ló wà nínú Coca-Cola títí di òní. Àwọn Mọlà tó ń fi tírélà kó gbàǹja lọ sí òkè ọya láti Ṣágámù, nǹkan tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn náà ni wọ́n ń wá.

Ó dáa, ọwọ́ wá kàn.

O ní o fi àdìrẹ sílẹ̀. Nígbà tó o wà níbẹ̀, ṣé wọn ò kọ́ ẹ ní ẹlẹ́kọ? Kí ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tẹ́ ẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya sára aṣọ? Láfún. Láfún, ọmọ ẹ̀gẹ́! Ìkòkò aró ńkọ́, ṣé ẹ kì í da ewé èlú sínú omi eérú kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó máa hó, kó máa rùn? Kòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àpò gàrí ẹ. O rò pé o sá kúrò nídìí àdìrẹ, ìkòkò lo kàn ṣí kúrò tó o bọ́ sídìí àpò. Oṣù mẹ́jọ yẹn ò ṣòfò tó bí wọ́n ṣe sọ fún ẹ. Ti télọ̀ ni mi ò rí nǹkan sọ sí, ìyẹn ṣòfò.

Nǹkan tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Màmá ẹ ní ìwé gbèsè, gbogbo alájàpá ló ní in. Ra irú ẹ̀ kan. Kọ GÀRÍ sí àárín ojú ewé, kí gbogbo ibi tí ojú ẹ bá rìn dé lóru máa padà wá so mọ́ ibẹ̀, tí kò bá rí ibi so mọ́, kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, fi sílẹ̀, kò sá lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, dátà tó o fi rìn dé Ethiopia, ó yẹ kó mú nǹkan wálé. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí eléyìí: lọ ẹ̀gẹ́ kan náà, pín in sí àpò mẹ́ta, yan ọ̀kan ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan ní ọjọ́ karùn-ún. Lẹ bébà mọ́ wọn. Bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó bá wá rajà, kọ èyí tí wọ́n mú sínú ìwé, ṣe é fún oṣù mẹ́ta láì sinmi. Ẹni tí kò fẹ́ kíkan jù á mọ èyí tó máa rà, ẹni tó fẹ́ kó ta á léyín á mọ tiẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tà á báyìí ní Òkè-Ajé.

Bọ̀dá yẹn, jẹ́ kó máa bá ẹ lẹ bébà. Tó bá di oṣù kẹta tó rí i pé o ṣì ń kọ ìwé yẹn, kò ní bẹ̀rù mọ́. Ìwé oyin, tà á.

Kó o sì máa sùn láago mọ́kànlá. Màmá ẹ ń bẹ nínú yàrá yẹn náà, àgbàlagbà ni, iná fóònù ò dáa fún un.

*

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Mẹkáníìkì ni mí ní Ṣágámù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ìbéèrè ló fi ń pa mí. Oṣù tó kọjá ó ṣa òkúta kan níbi tí tírélà da òkúta sí, ìkarahun wà nínú òkúta náà bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ kì í bọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ síléèwé. Tísà ń kọ́ wọn ní nǹkan míì lọ́tọ̀, ó nawọ́, ó ní báwo ni ìgbín òkun ṣe dé Ṣágámù, ṣé ó fẹsẹ̀ rìn wá ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà ní ó ń da kíláàsì rú, ó ní kó lọ kúnlẹ̀ síta. Ó délé ó sunkún, ó ní òun ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láyé òun. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a ó rí ìsinmi. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, kò béèrè nǹkan kan lóòótọ́, ilé wá dákẹ́ jù.
Bàbá Oníbéèrè, Ṣágámù

Bàbá Oníbéèrè, gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi pé Àǹtí ní ìgbín ò fẹsẹ̀ rìn wá, òkun ló wá bá wa nílé, ó sì padà lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, omi òkun ló bo gbogbo agbègbè yẹn, Ṣágámù àti Ewékorò, kò sí Rẹ́mọ, kò sí èèyàn kankan láyé. Àwọn ẹ̀dá inú omi ń kú, ìkarahun wọn ń rì sísàlẹ̀, ọ̀kan ń lé ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi di òkúta funfun. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí Ewékorò àti Ṣágámù nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ràn wa. Òkúta yẹn ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 sẹ́ńtígíréètì, wọ́n á tún lọ̀ ọ́, ó di sìmẹ́ǹtì. Ẹ wo ògiri yàrá tí ọmọ náà ń sùn, ìkarahun ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ yín ò da kíláàsì rú, ilé tí kíláàsì yẹn wà ló ń béèrè nípa ẹ̀.

Ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu o. Lọ́jọ́ Sátidé ẹ ra ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ẹ fún un sínú kọ́ọ̀pù onígíláàsì mẹ́ta, ẹ ju èèpo ẹyin sí ọ̀kan, ìkarahun ìgbín tí Màmá ti sè sí ìkejì, ẹ ha òkúta ọmọ yẹn díẹ̀ sínú ìkẹta. Kẹ́ ẹ wá jọ tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo wọn á máa yọ fóòmù wẹ́wẹ́, torí nǹkan kan náà ni wọ́n. Atẹ́gùn tó ń jáde nínú fóòmù yẹn náà ló máa ń ta sókè tẹ́ ẹ bá ṣí mínírà. Ẹ má sọ ìyẹn fún un, ẹ jẹ́ kó béèrè.

Ti tísà, ẹ lọ bá a lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí, ẹ má bá ariwo lọ, ẹ má wọ aṣọ iṣẹ́ tí epo wà lára ẹ̀ kó má rò pé ìjà lẹ bá wá. Ẹni tó ń kọ́ àádọ́ta ọmọ nínú yàrá kan, ìbéèrè tó wá láìròtẹ́lẹ̀ lè dà bí ọ̀kò tí wọ́n sọ lu òun. Mi ò gbè é o, kíkúnlẹ̀ yẹn ò dáa. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọmọ náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Fráídè kó gbé kọ́ọ̀pù mẹ́ta yẹn wá han kíláàsì. Kí ọmọ náà sì máa kọ ìbéèrè ẹ̀ sẹ́yìn ìwé títí di àsìkò ìsinmi, kò burú kéèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìbéèrè mú.

Èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ọmọ tó ti sọ pé òun ò ní béèrè mọ́, kò ní kọ́kọ́ lanu. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bi í. Ẹ gbé nǹkan kan wálé láti wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù, pílọ́ọ̀gì tó ti jó dúdú, bẹ́líìtì tó já, ohunkóhun. Ẹ gbé e sórí tábìlì nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun, kẹ́ ẹ ní, o ò bá mi wò ó, kí lo rò pé ó ṣe eléyìí? Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹun yín.

*

Àbúrò mi tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, mo kí ẹ. Ọmọ ọdún 71 ni mí, alàgbà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá tó bí mi lọ́mọ sì ni babaláwo. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ń kàwé sókè lọ́jọ́ kan, ó ní 256. Mo ní tún un sọ. Mo mọ 256 yẹn, iye Odù Ifá ni. Láti ìgbà náà mi ò rí oorun sùn, ṣé ẹnì kan jí i lọ́wọ́ ẹnì kan ni? Ìyàwó mi ní ní ọjọ́ orí mi yìí kí n fi nǹkan tí mo ti kúrò nídìí ẹ̀ sílẹ̀.
Bàbá Ìperu

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kò ṣì í gbọ́, iye kan náà ni.

Ẹ rántí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yín, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé, kò sí ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀nà méjì ló lè gbà ṣubú. Méjì, ọ̀nà mẹ́rin. Mẹ́ta, mẹ́jọ. Ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, 16, 32, 64, 128, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ẹ̀kẹjọ, 256. Nínú kọ̀ǹpútà, ààyè mẹ́jọ ni wọ́n ń kà pa pọ̀, iná lè wà nínú ààyè kan, iná lè máà sí. Ṣíṣí àti dídé náà ni.

Wọn ò jí i. Àwọn tó ń pariwo kiri pé Ifá ni òyìnbó jí tó fi ṣe kọ̀ǹpútà, mo ti fa okùn yẹn wò, kò sí nǹkan lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó bá ka ìka ọwọ́ ẹ̀ ní Ìperu àti ẹni tó kà á ní Ṣáínà, mẹ́wàá ni wọ́n máa bá, ẹnikẹ́ni ò sì ní pe ara wọn lólè. Mo ní Ṣáínà torí nǹkan kan. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leibniz ló kọ nípa ìṣirò oní-méjì-méjì yìí tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1703. Míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Bouvet, tó wà ní Ṣáínà, fi àwòrán ìlà 64 tí àwọn ará Ṣáínà fi ń woṣẹ́ láti ayébáyé ránṣẹ́ sí i, Leibniz wò ó, ìṣirò tiẹ̀ ló rí níbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn bí ẹni rí mọ̀lẹ́bí. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 50 nígbà náà, Bàbá, kò sì sí ẹni tó ní kó fi sílẹ̀.

Ẹ pe ọmọ ọmọ yín jókòó, kí òun máa kọ òdo àti ọ̀kan, kí ẹ̀yin máa tẹ ìlà ẹyọ kan àti ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti máa pàdé. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ìṣirò ni, kì í ṣe ẹbọ.

*

Àǹtí, ọkọ mi ò lè dáhùn nǹkan kan tààrà. Mo ní kó pe pọ́ńbà kó wá wo ẹ̀rọ omi kíṣíìnì tó ń jò. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òjé ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe páìpù, orúkọ tí wọ́n ń pe òjé lédè wọn ni òyìnbó fi ń pe pọ́ńbà, ló bá ní wọ́n tiẹ̀ máa ń fi òjé sínú bẹntiróò tẹ́lẹ̀, láti orí bẹntiróò ó dórí mọ́tò, láti orí mọ́tò ó dórí ẹṣin torí ẹṣin làwọn èèyàn ń gùn kí mọ́tò tó dé, ó wá bọ́ sórí ẹṣin Ojúde Ọba, ó ní ṣé mo mọ ìdí tí ẹṣin fi lè sùn lóòró láì ṣubú, ibẹ̀ ni mo ti dìde kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Omi ṣì ń jò.
Ìyàwó Onítàn, Òdogbolú

Ìyàwó Onítàn, ẹ pe pọ́ńbà fúnra yín. Òótọ́ lọkọ yín sọ lórí òjé, òótọ́ náà ló sọ lórí bẹntiróò. Ti ẹṣin, iṣan àti egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa ń ti ara wọn pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn, á wá tòògbé lóòró, àmọ́ tó bá fẹ́ sùn wọra ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀.

Kí pọ́ńbà tó dé, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, kẹ́ ẹ padà lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ ní kó bá yín wá ọ̀nà láti ara ẹṣin padà sí ara páìpù. Ó dá mi lójú pé ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan á ti kún kó tó dé.